Ẹ Má Fi Ìbẹ̀rù Ran Ọmọ Yín Lọ sí Jẹ́lé-ó-sinmi

Ẹ̀yin ará Ìjan-Èkìtì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Adó àti agbègbè rẹ̀, ilé-ìwé ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ ti kún ilé, iṣu tuntun ti dé, àgbàdo sì wà lórí iná. Láàárín àwọn ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì wọ kíláàsì rí, tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi nínú oṣù Kẹsàn-án. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún tí àsìkò yìí bá ti dé, ohun kan náà ni mò ń rí: ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ọmọ fi ṣeré, kí ọwọ́ rẹ̀ yá, kí ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká, là ń sọ di ọ̀sẹ̀ ẹkún. Ó ń dùn mí, nítorí pé eré gan-an ni ìmúrasílẹ̀ tó dára jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí àgbàlagbà bá ti wà nítòsí tó lajú sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ da omi nù, a ní, “Ó kù díẹ̀ kí o wọ sùkúù, tíṣà á nà ẹ́ níbẹ̀.” Ó kọ oúnjẹ, a ní, “Màá fẹjọ́ ẹ sun tíṣà.” Lójú tiwa, ìbáwí lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò mọ̀ pé à ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba òun ni. Ohun tó gbọ́ ló gbà gbọ́. Bí a bá fi gbogbo ọlidé sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti ń na ọmọ ni à ń mú un lọ, báwo ló ṣe máa fi ẹ̀rín wọ ibẹ̀? Ìbẹ̀rù yẹn kì í sì í tán lẹ́nu géètì. Ọmọ tó ń bẹ̀rù tíṣà kì í sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Á mú un mọ́ra títí yóò fi tọ̀ sára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, á sì kọ̀ láti padà lọ lọ́jọ́ kejì. Bí inú bá ń run ún, á dákẹ́. Bí ẹnì kan bá fìyà jẹ ẹ́, á dákẹ́. Ẹni tó yẹ kó sá tọ̀ nígbà tí a kò sí níbẹ̀ ni a ti fi ẹnu ara wa sọ di ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ orúkọ tíṣà kúrò nínú ìbáwí ilé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, kí ẹ parí rẹ̀ nílé. Bí ẹ bá ti mọ ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ, ẹ mú un rìn débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kó rí géètì, kó rí ilé ìtọ̀, kó fọwọ́ kan àga kékeré tí wọ́n ń jókòó sí. Bí ẹ bá bá olùkọ́ kankan pàdé níbẹ̀, ẹ kí i ní ìkíni ọ̀wọ̀ lójú ọmọ, kí ọmọ náà kí i. Nílé, ẹ ṣe eré ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe tíṣà, kí bàbá tàbí ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kó na ọwọ́ sókè, kó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ tọ̀.” Ẹ máa rí i bí inú rẹ̀ á ṣe dùn tó, gbólóhùn yẹn á sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé.

Ìkánjú náà ń ṣe wá ní jàǹbá. A gbọ́ pé ọmọ aládùúgbò ti mọ A títí dé Z, ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́, a wá owó lẹ́sìn, a fi ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, a ki pẹ́ńsùlù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, a ń tẹ ìka rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rọra o. Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú ọrùn-ọwọ́ ènìyàn. Ní ọmọ ọdún mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn ṣì rọ̀, wọn kò tíì di eegun líle. Ó máa ń tó ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá kí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọwọ́ tó ń dùn ún ni ọmọ fi ń kórìíra ìwé kíkọ, a ó sì máa pè é ní olódo nígbà tí kò ṣẹ̀ wá.

Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ara gbọ́dọ̀ tó kí ìwé tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà lórí ìjókòó lọ́dún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ìdílé púpọ̀ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ni wọ́n bá ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí òdìkejì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí, á padà sílé di ọdún tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní òmùgọ̀. Ìwọ̀n yẹn kò péye, mo gbà, ṣùgbọ́n ó fi sùúrù hàn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa lónìí pàápàá, ọmọ ọdún márùn-ún ló ya ọdún kan tó ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ fún, kíláàsì kìn-ín-ní sì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní Finland, ọdún mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ orí tí a fi ń jókòó ti ọmọ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù níhìn-ín, ìyẹn ọmọ ọdún méje, ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé gidi. Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá irú ilé-ìwé ọmọdé yìí sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg ní ọdún 1837, bọ́ọ̀lù, igi gígé, orin àti ọgbà ló fi ń kọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ọmọ yín ṣeré ní ọlidé yìí kò fẹ́ kó di ọ̀lẹ.

Irú eré wo? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà tí ẹ bá ń bó ẹ̀gúsí, ẹ fún un ní tirẹ̀ nínú àwo kékeré. Títẹ ẹ̀gúsí láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń fún àwọn ìka tí yóò di pẹ́ńsùlù mú lágbára ju kí a tẹ ọwọ́ mọ́ ìwé lọ. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣa ẹ̀wà, kó ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta. Ẹ jẹ́ kó bó èèpo àgbàdo, kó to ṣùkù rẹ̀ láti orí èyí tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù, kó kà wọ́n. Bí ẹ bá ń gún iyán, ẹ fún un ní òkèlè kan kó fi mọ ẹyẹ tàbí ejò kó tó jẹ ẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé mélòó ni àwa tó ń jẹun lónìí, kó gbé àwo tó bá iye wa mu wá. Ìṣirò nìyẹn, kò sì mọ̀ pé ìṣirò ni. Ẹ fi igi ya ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀ kó tọ ọ́, kó fò ó, kó fi ẹsẹ̀ kan tiro lé e. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bojúbojú, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń dúró de ìgbà tiwa, kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ tó ń dá ṣeré lè kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti hóró àgbàdo tí ọmọ ń fi ṣeré lè wọ imú tàbí etí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ bojú wẹ̀yìn. Bó bá wọ ibẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ tàbí ìyarun wa á; bí ẹ ṣe ń wa á ló ń wọlé sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀pà kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láti máa jẹ ní hóró, pàápàá bó bá ń sáré tàbí tó ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ibi tí èémí ń gbà. Bí nǹkan bá há ọmọ lọ́fun tó ṣì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Bí kò bá lè wúkọ́ mọ́, tí ohùn rẹ̀ kò jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù lé òkè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ̀. Ẹ má rọ epo pupa tàbí omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì ki ìka bọ ibi tí ojú yín kò tó. Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá (ABUAD) wà lójú ọ̀nà Adó sí Ìjan níbí, ti Yunifásítì Èkìtì sì wà nínú Adó. Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀.

Omi náà ni àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, kò sì burú. Dída omi láti inú ife kan sí èkejì ń kọ́ ọmọ ní ohun púpọ̀. Àmọ́ àsìkò òjò la wà, kànga ti kún dé òkè. Kànga tí kò ní ìdérí tó wúwo kọjá agbára ọmọdé, ẹ dé e lónìí, ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Korobá omi tí a gbé sílẹ̀ nílé ìwẹ̀ pàápàá tó láti gba ẹ̀mí ọmọ kékeré tó bá fi orí sọ ọ́. Bí eré omi bá ti parí, ẹ da omi náà nù.

Lálẹ́, ẹ pa fóònù, ẹ pa àlọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kò yẹ kó jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, pé ó yẹ kí ara rẹ̀ máa lọ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, kó sì sùn fún wákàtí 10 sí 13. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, fóònù sì ń mú kí ọmọ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ kò rí ẹni dá lóhùn, ọ̀rọ̀ dídá lóhùn sì ni olùkọ́ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àlọ́ Ìjàpá kan ṣoṣo tó gùn dáadáa, tí ẹ dá dúró láàárín rẹ̀ kí ẹ ní, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”, á kọ́ ọmọ láti tẹ́tí, láti rántí, láti fi ẹnu ara rẹ̀ to ọ̀rọ̀.

Kí ẹ sì fi Yorùbá pa á. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń dá èdè dúró nílé ní ọlidé tó ṣáájú ilé-ìwé, wọ́n ní kí ọmọ má baà pẹ́ kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà á wá dákẹ́ nílé, á tún dákẹ́ ní ilé-ìwé. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ta àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíláàsì nìyẹn. Lórí ẹní yín nílé, ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ. Bí ọmọ bá sì pe ilé ní ulé, tó pe ìlú ní ùlú bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń pè é, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbá a lẹ́nu fún un. Ohùn Èkìtì kò dí ìwé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé orí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń pa ọmọ lẹ́kún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Sòkòtò tí bọ́tìnnì rẹ̀ le ni ọmọ ń tọ̀ sí. Ẹ ra onírọ́bà. Fúláàsì oúnjẹ tí ọmọ kò lè ṣí ló ń gbé wálé bó ṣe gbé e lọ, tí ebi á sì ti pa á láti àárọ̀. Ẹ gbé fúláàsì àti ike omi náà fún un nílé, kó máa fi jẹun ọ̀sán lórí ẹní títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, kí oúnjẹ inú rẹ̀ má sì gbóná jù. Ẹ jẹ́ kó máa wọ bàtà ara rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́ títí. Ẹ kọ́ ọ láti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan pàṣẹ fún un.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ orúkọ ìyá wọn ju “Mọ́mì” lọ. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọnù láàárín èrò, kí ni yóò sọ? Ẹ sọ ọ́ di eré: ẹ pa àtẹ́wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá, orúkọ ìyá, orúkọ àdúgbò àti ti ìlú, kó máa dáhùn títí á fi já gaara. Ẹ fi oríkì rẹ̀ kún un kó lè dùn. Lára báàgì rẹ̀, inú ni kí ẹ kọ orúkọ sí, kì í ṣe ìta gbangba, nítorí ọmọ kékeré máa ń gbà pé ẹni tó bá mọ orúkọ òun kì í ṣe àjèjì.

Ọ̀nà Adó sí Ìjan kì í ṣe ọ̀nà eré. Ọkọ̀ àwọn ọmọ Pólì àti ti ABUAD, ọkadà àti tírélà ló jọ ń gbà á. Ẹ má rán ọmọ ọdún mẹ́rin sọdá títì, bó tilẹ̀ jẹ́ iyọ̀ lásán ló fẹ́ rà. Ní ọlidé yìí, ẹ máa dì í lọ́wọ́ mú rìn lójú ọ̀nà tí yóò máa gbà lọ sí ilé-ìwé, kó wà ní apá ibi tó jìnnà sí ọkọ̀, kí ẹ jọ máa ṣe “dúró, wo òsì, wo ọ̀tún, tún wo òsì.” Bó bá jẹ́ ọkadà ni yóò máa gbé e lọ, ẹ má gbà kí wọ́n gbé ọmọ jókòó sórí táńkì níwájú, kí wọ́n sì má kó ọmọ mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà kan. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ kò tó ra itan ọmọ tó kán.

Nígbà ìwẹ̀, ẹ sọ fún un láìtijú pé àwọn ibi kan wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fi ṣeré, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ará ilé tàbí ẹni tó ń fún un ní bisikíìtì. Ẹ sọ fún un pé bí ẹnì kan bá ní kó má sọ fún Mọ́mì, kó tètè sọ fún Mọ́mì. Bó bá wá sọ, ẹ má nà án, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ ọ tán.

Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ ìgbóná-èèyi máa ń jẹ́ méjì, ní oṣù mẹ́sàn-án àti ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń gbàgbé. Kíláàsì tó kún ni àrùn yìí ti ń tàn kíákíá. Bí àlàfo bá wà lórí káàdì náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera tó sún mọ́ yín. Wọn kì í gba owó rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ọlidé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ní aago mẹ́jọ, kí jíjí ní òwúrọ̀ má baà di ogun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, ẹ má yọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ẹkún rẹ̀ á fà yín lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọmọ tó yíjú padà tí kò bá yín mọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ sọ ẹni tó máa wá mú un àti ìgbà tó máa dé, kí ẹ sọ ọ́ lọ́nà tó máa fi yé e: “Tí ẹ bá ti jẹun tán, tí ẹ sì ti sùn díẹ̀, Màmá àgbà á dé.” Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni náà fún olùkọ́, kí ẹ ní kí wọ́n má fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìpè yín. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Bó bá sì jẹ́ aago kan lẹ dá, kí Màmá àgbà ti wà lẹ́nu géètì kí aago kan tó lù.